Ẹjọ́ Dé Tán, Wọ́n Wá Yí Òfin

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ní Ìlua, tàbí ní Òkèihò, Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn kan. Ìtàn náà kì í ṣe àlọ́. Ìbàdàn ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo Òkè-Ògùn wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbà wa tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì lè sọ ohun tí ojú wọn rí nínú rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ilé jóná. Gbólóhùn kan nínú ìwé òfin ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1962, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni Prẹmíà Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí àwọn méjèèjì jọ wà. Awólọ́wọ̀ ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ ṣe olórí alátakò ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, Akíntọ́lá sì gba ipò Prẹmíà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà wá dé sí àárín wọn. N kò ní sọ ẹni tí ó jẹ̀bi ìjà náà fún ọ. Ìdílé pọ̀ ní agbègbè wa tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ tí Akíntọ́lá padà dá sílẹ̀, ti ya ẹ̀gbọ́n nípa sí àbúrò, n kò sì fẹ́ tún egbò náà tú. Ohun tí wọ́n ṣe sí òfin ni mo fẹ́ kí o wò. Rántí pé àwọn méjèèjì jẹ́ lọ́yà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ òfin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ní oṣù May ọdún náà, aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Wọ́n ní àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà rí i pé àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i ju ìdajì Ilé lọ. Ní 21 oṣù May, ó yọ Akíntọ́lá nípò, ó sì fi Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Akíntọ́lá kò gbà. Ó ní Gómìnà kò lè yọ òun láìjẹ́ pé Ilé jókòó, kí wọ́n dìbò, kí ìbò náà sì fi hàn pé òun kò ní ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn mọ́. Ó gba kóòtù lọ. Títí dé ibẹ̀ yẹn, mo gbóríyìn fún un. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lójú ara rẹ̀, tí kò gbé àdá, tí kò rán jàǹdùkú, tí ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe.

Kí ni ìwé òfin wí? Ó ní Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Prẹmíà àfi bí ó bá hàn sí i pé Prẹmíà náà kò ní ìtìlẹ́yìn èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin mọ́. Bí ó bá hàn sí i. Báwo ni yóò ṣe hàn sí i? Ṣé ìbò inú Ilé nìkan ni ó lè fi hàn án, àbí ìwé tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí náà lè fi hàn án? Ìbéèrè tí ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́ nìyẹn, bí o bá sì rò ó dáadáa, ìwọ náà yóò rí i pé ẹnu méjèèjì ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹjọ́ tí àwọn adájọ́ olóòótọ́ lè torí rẹ̀ yapa síra wọn ni.

Kí kóòtù tó sọ̀rọ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Ní 25 oṣù May, Ilé Aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn láti dìbò. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí aṣòfin kan fi fò sókè, tí ó ń pariwo. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn kan dìde sí ọ̀pá àṣẹ. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọ agbádá, tí a fi ìbò rán lọ láti ṣojú wa, ń fi ẹsẹ̀ àga lu ara wọn. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n tún gbìyànjú láti jókòó ní ọjọ́ náà, ìjà tún ṣẹ́, ọlọ́pàá sì lé gbogbo wọn jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní 29 oṣù May, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì lé Ìwọ̀-Oòrùn lórí. Wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso títí di ìparí oṣù December.

Láàrin àkókò yẹn ni ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Èkó. Ní 7 oṣù July 1962, adájọ́ mẹ́rin sọ̀rọ̀. Mẹ́ta, tí Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá ṣáájú wọn, ní inú Ilé ni kí a ti ka ìbò, nítorí náà Akíntọ́lá ló jàre. Ẹnì kan, Lionel Brett, kọ̀: ó ní Gómìnà lè gba ọ̀nà mìíràn mọ̀. Bí ìjọba pàjáwìrì ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, Akíntọ́lá padà sí ipò Prẹmíà, òun àti àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì so pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC láti ṣe ìjọba.

Adégbénró náà kò gbé àdá. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Lọ́ńdọ̀nù.

O lè béèrè pé kí ló kan Lọ́ńdọ̀nù nínú ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Òfin tí kóòtù wa ń lò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Láyé Ọba Henry Kejì, ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn, ọba náà ń rán àwọn adájọ́ rẹ̀ káàkiri. Bí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, wọ́n ń wo ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá níbòmíràn, títí ó fi di òfin kan fún gbogbo ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdájọ́ àná ni ó ń di òfin òní. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi máa ń kó ìwé rẹpẹtẹ wọ kóòtù: ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ti kú tipẹ́ ni ó fẹ́ fi gbe ti alààyè lẹ́sẹ̀. Ní 1863 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin yìí wọ Èkó. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọjọ́ sí i: àwọn òfin gbogbogbòò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1 oṣù January 1900 ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbí pẹ̀lú. Òfin ìbílẹ̀ wa ṣì dúró lórí ilẹ̀, ìgbéyàwó àti ogún, bí kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti òdodo.

Òkè gbogbo kóòtù wọ̀nyí ni Privy Council wà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òmìnira 1960 kò mú un kúrò. Àwọn ará wa sì ti jàre níbẹ̀ rí, wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Ní 1921, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹjọ́ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, ó borí, ìjọba sì sanwó ilẹ̀ náà. Ní 1931, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ nípa Èṣùgbàyí Elékòó, Ọba Èkó tí wọ́n lé wá sí Ọ̀yọ́ ní 1925, pé Gómìnà gbọ́dọ̀ fi hàn ní kóòtù pé òfin fún un lágbára láti lé e. Ọba náà padà sí Èkó ní ọdún yẹn. Rò ó wò. Ìjọba amúnisìn ni. Ó ní ọmọ ogun, ó ní ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ipá mú un. Síbẹ̀, nígbà tí adájọ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́.

Ní 27 oṣù May 1963, Privy Council dá ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá. Viscount Radcliffe ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní àwọn ará Nàìjíríà ti kọ òfin tiwọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni a ó sì tẹ̀ lé, a kò ní fi àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ rì. Ohun tí ìwé wí ni pé kí ó hàn sí Gómìnà. Kò sọ pé ìbò inú Ilé nìkan ni ó lè fi hàn án. Nítorí náà Gómìnà kò ṣẹ̀, ìyọnípò náà sì dúró. Adégbénró jàre. Akíntọ́lá jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo ń mú ọ bọ̀ wàyí. Má ṣe kánjú kọjá níbẹ̀.

Kí ni ẹni tí ó pàdánù ẹjọ́ lè ṣe? Ó lè gbà. Ó lè fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó padà gba òfin wọlé ní ọjọ́ kejì. Jọ̀wọ́ wò ó dáadáa, nítorí èyí ni ó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Ní oṣù May 1963, Akíntọ́lá kò dá wà mọ́. Òun àti NCNC ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ aṣòfin. Bí ó bá ti sọ fún àwọn aṣòfin rẹ̀ pé, “Kóòtù ti sọ̀rọ̀, mo lọ, ẹ dìbò kí a mọ ẹni tí ẹ fẹ́,” àwọn kan náà ni ìbá dìbò fún un. Ó tún lè tú Ilé ká, kí ó ní kí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn wá sọ tẹnu wọn. Lójú tèmi, ohun kan náà ni ìbá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọwọ́ rẹ̀ ìbá mọ́.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn aṣòfin rẹ̀ yára wọ Ilé, wọ́n yí gbólóhùn náà padà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, Gómìnà kò lè yọ Prẹmíà àfi bí Ilé bá dìbò. Bí wọ́n bá dúró níbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ aṣòfin ni láti tún òfin ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí òfin tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin tuntun náà pé kí a kà á sí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2 oṣù October 1960.

Láti 1960! Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ tí Ọọ̀ni ka orúkọ 66 ní 1962, òfin tí a kò tíì bí ti wà láyé, ó ti ń ká a lọ́wọ́ kò. Ìyẹn ni pé adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù fi òfin tí kò sí mọ́ dájọ́. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Adégbénró mú ìdájọ́ lọ́wọ́, ìṣẹ́gun ni lórí ìwé, kò sì rí ohunkóhun gbà. Kò sí ẹni tí ó jó ìdájọ́ náà níná, kò sí ẹni tí ó bú adájọ́. Wọ́n kàn lọ sẹ́yìn, wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ náà mọ irú rẹ̀ ní oko wa. Ẹjọ́ ààlà wà láàrin ìwọ àti ẹnì kan. Kóòtù jókòó, adájọ́ wá sí oko fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ lé ààlà láti ẹsẹ̀ òkè dé etí odò, ó rí pèrègún tí àwọn bàbá yín gbìn, ó sì dá ilẹ̀ fún ẹnìkejì. O kò bá a jà. O dúró kí ilẹ̀ ṣú, o hú pèrègún, o lọ gbìn ín sí ibòmíràn, ní òwúrọ̀ o ní ibẹ̀ ni ó ti wà láti ayé bàbá ńlá rẹ. Ohun tí àwọn olóyè àti lọ́yà ṣe ní Ìbàdàn ní 1963 nìyẹn, wọ́n sì fi èdè òfin ṣe é lójú ọ̀sán.

Kí n má tan ọ́ jẹ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ni òfin náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní 1942, àwọn ọmọ ogun wọn ba ilé iṣẹ́ epo Burmah Oil jẹ́ kí ọ̀tá má baà gbà á. Ní 1964 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́dọ̀ wọn ní kí ìjọba san gbà-máà-bínú fún ilé iṣẹ́ náà. Ní 1965, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí ó padà sẹ́yìn, tí ó sọ pé ìjọba kò jẹ gbèsè kankan. Ó burú nígbà náà, ó sì burú títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ti Ìbàdàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jọba lé àwọn ènìyàn lórí, nínú ilé tí iná ti ń rú nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1 oṣù October 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin mọ́, ọ̀nà Privy Council sì tì. Mo gbà pé ó yẹ kí a máa dá ẹjọ́ wa nílé. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí a sọ dòfo, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn ń rántí bí ilẹ̀kùn náà ti ń tì. Ní 1964, Akíntọ́lá dá Ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Dẹ́mọ. Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Kóòtù ti dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un ní oṣù September 1963 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀.

Ìbò dé ní 11 oṣù October 1965. Ní ibòmíràn, òṣìṣẹ́ ìdìbò fara pamọ́ kí alátakò má baà rí i fún ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wá kéde pé ẹni ti ìjọba wọlé láìsí alátakò. Ní ibòmíràn, èsì tí a kà ní ibùdó yàtọ̀ sí èyí tí rédíò kà. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ibo ló yẹ kí ènìyàn gbà lọ? Kóòtù ni. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ta ni yóò ta iṣu oko rẹ̀ san owó lọ́yà, nígbà tí gbogbo ayé ti rí i pé bí o bá jàre, wọn yóò yí òfin láti ẹ̀yìn wá? Wọn kò gba kóòtù lọ. Wọ́n mú gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù.

Wẹ́tíẹ̀ ni àwọn ènìyàn pè é. Wọ́n á da pẹtiróòlù sí ènìyàn lára, wọ́n á ṣáná sí i. Wọ́n á da á sí ilé, sí mọ́tò. Ọ̀nà di ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti rìn. Ẹni tí ó ń lọ sí ọjà kò mọ̀ bóyá wọn yóò bi í léèrè ẹgbẹ́ tí ó wà. Aládùúgbò fi ọwọ́ tọ́ka ilé aládùúgbò. Kóòtù kò tíì kú tán o. Ní oṣù December 1965, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ ní Ìbàdàn dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn pé ó fi ìbọn gba ilé rédíò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ń wò ó. Ṣùgbọ́n adájọ́ kan kò lè fi ọwọ́ kan bu omi pa iná gbogbo ilẹ̀ kan.

Ní òru mọ́jú 15 oṣù January 1966, àwọn ológun dé ilé Prẹmíà ní Ìbàdàn. Wọ́n pa Akíntọ́lá. Ẹni ọdún 55 ni. Ó ti di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá ní 1964. Wọ́n pa Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, wọ́n pa Sardauna Ahmadu Bello, wọ́n pa àwọn mìíràn. N kò sọ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó pa gbogbo wọn. Ohun púpọ̀ ni ó kóra jọ. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé ní ọjọ́ tí a sọ ìdájọ́ dòfo ní 1963, a pa ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún àwọn tí ara ń ta láti fi ẹnu wí dípò iná.

Bí àwọn ológun ti dé, wọ́n dá apá kan nínú ìwé òfin dúró. Ó sì wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ilẹ̀ wa yìí kan náà. Ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1967 láti wo dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá E. O. Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá. Àwọn yìí pẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní 24 oṣù April 1970, Adémọ́lá, ẹni kan náà tí ó jókòó ní 1962, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹjọ́ náà: ìjọba kò lè fi òfin ṣe iṣẹ́ adájọ́, kí ó dárúkọ ènìyàn, kí ó sì gba dúkìá rẹ̀. Ìdájọ́ tí ó le ni, a sì fi ìgboyà dá a lábẹ́ ìbọn. Ní 9 oṣù May, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìjọba ológun ṣe Dikíríì 28 ti 1970. Ó ní àwọn ológun ni aláṣẹ lórí ohun gbogbo láti 1966, ó sì sọ ìdájọ́ náà dòfo.

Ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ ogun ní irú ọgbọ́n yìí? Àwọn lọ́yà tí wọ́n wọ agbádá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní Ilé Aṣòfin tí a fi ìbò yàn. Ẹni tí ó bá la ọ̀nà kò lè yan ẹni tí yóò gbà á kọjá.

Nísinsìnyí, mo ń bá ìwọ gan-an sọ̀rọ̀. O lè má jẹ Prẹmíà láé. Ṣùgbọ́n o jẹ́ mọ́gàjí, o jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, o jẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹgbẹ́ rẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún mẹ́ta ni alága ń lò, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀mejì. Ó yí kan ọ́. O wá pe ìpàdé ní ọjọ́ tí àwọn tí wọ́n ń takò ọ́ lọ sí oko kájú, o sì yí i padà pé láti ọdún tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti gbogbo ènìyàn. Tàbí ìdílé jọ pinnu lójú àgbà pé ọmọ obìnrin yóò pín nínú ogún bàbá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ obìnrin náà fẹ́ gba tirẹ̀, ẹ ní ìpinnu náà kò bo ogún bàbá tí ó ti kú ṣáájú. Tàbí ìjókòó oyè ni. Òfin oyè ti to ìdílé tí ó ń jẹ oyè lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kan ìdílé kan. Ẹ gba kóòtù lọ, ẹ pàdánù, ẹ wá sá lọ bá ẹni tí ó wà ní ìjọba pé kí ó tún ìwé oyè tò, kí ó sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Ìwọ mọ ohun tí mo ń sọ. Kò sí ìlú ní Òkè-Ògùn tí kò ní irú rẹ̀ rí.

Bí o bá fẹ́ tún òfin ṣe, tún un ṣe. Ìwé òfin wa kò kọ̀ ọ́. Ṣe é fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀. Jẹ́ kí ẹjọ́ òní parí lórí òfin àná.

Mo ní ìdí láti sọ fún ọ pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù December 2005 àti January 2006, àwọn aṣòfin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jókòó ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Ọ̀yọ́ yìí ni o, ìpínlẹ̀ tí Ìlua wà nínú rẹ̀. Méjìdínlógún ni wọ́n, nínú 32. Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò yọ Gómìnà, ìyẹn sì ni 22. Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà bọ́ sí ipò náà. Ládọjà gba kóòtù lọ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní 1 oṣù November 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 7 oṣù December. Ẹ̀dùn ọkàn pọ̀, ìbínú pọ̀, àwọn tí ó yọ ọ́ sì ní alágbára lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lọ ṣe òfin tí yóò sọ pé 18 ti jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 láti 1999. Ní 12 oṣù December, Ládọjà padà sí ọ́fíìsì. Ó lo àkókò tí ó kù, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní 29 oṣù May 2007 fún Àlàó-Akálà kan náà, tí ó gba ìbò wọlé.

Nítorí náà, bí ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, tí kò sì tẹ́ ọ lọ́rùn, má fọwọ́ kan pèrègún. Òfin fún ọ ní oṣù mẹ́ta láti gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ lórí ìdájọ́ ìparí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Bí ó bá jẹ́ ìpinnu àárín ẹjọ́, ọjọ́ 14 péré ni. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, kà á láti ibẹ̀, kí o sì lọ bá lọ́yà rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí.